Ẹ rọra rìn: ọ̀rọ̀ àsọyé lórí ìrìn inú igbó àti ìdí tí kò fi sí ohun tó lè dípò ẹgàn, igbó àìro

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni: kí ènìyàn wọ inú igbó láì gbé àdá, láì gbé ìbọn, láì wá igi ìdáná, kó rìn, kó wò, kó gbọ́, kó sì padà sílé láyọ̀. Àwọn baba wa ní ẹni tó bá rìn jìnnà ni yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rọra rìn yóò rí ọ̀kẹ́rẹ́ púpọ̀ kó tó dé ibi tí abuké wà, ìyẹn gan-an sì ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi lé lórí.

Lójú títì, ẹni tí ara rẹ̀ dá lè rin kìlómítà 4 sí 5 láàárín wákàtí kan. Bó bá gbé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ wọ igbó, igi nìkan ni yóò rí. Ewé gbígbẹ á máa ró lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹyẹ á ti gbọ́ ọ kó tó dé, ọ̀kẹ́rẹ́ á ti yí sẹ́yìn igi, ẹtu á ti wọ ìgbẹ́ lọ. Kìlómítà 1, tàbí 1 àbọ̀ bó bá pọ̀ jù, ló yẹ ìrìn wákàtí kan nínú igbó. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 10, ẹ dúró fún 5. Tó bá tó wákàtí kan, ẹ wá igi ńlá kan fẹ̀yìn tì, ẹ yẹ ìdí rẹ̀ wò dáadáa fún ìjàlọ, kí ẹ wá jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 láì sọ̀rọ̀.

Ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́ ló máa ń sú àwọn ènìyàn. Wọ́n á rò pé igbó ti ṣófo, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló ń ṣọ́ wọn. Nígbà tó bá yá, ẹyẹ kan á ké, òmíràn á dá a lóhùn, lójijì orí igi á kún fún oríṣiríṣi ẹyẹ kéékèèké tí wọ́n jọ ń jẹun kiri. Àwọn kan ń tú ewé wò lókè, àwọn kan ń yẹ èèpo igi wò, àwọn mìíràn wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń ṣa kòkòrò tí àwọn ti òkè lé já bọ́. Kí ẹ tó ṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n ti kọjá. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ yára lè máa la igbó kan náà kọjá láti ọdún dé ọdún kó má rí wọn rí, kó sì máa sọ fáyé pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Àárọ̀ ló dára jù láti lọ. Láti aago 6 àbọ̀ sí nǹkan bí aago 9 àbọ̀ ni ohùn igbó máa ń pọ̀. Lọ́sàn-án, láti aago 12 sí 3, ooru á mú, gbogbo rẹ̀ á sì dákẹ́ àfi igbe kòkòrò. Ní nǹkan bí aago 4 ìrọ̀lẹ́, ohùn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa ṣọ́ra. Nílẹ̀ tiwa, bí oòrùn bá ti wọ̀, ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú. Lábẹ́ igi, ó máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí igbó tó dí, ìdá 1 tàbí 2 nínú 100 péré ló ń dé ilẹ̀, kódà lọ́sàn-án gangan. Bí aago 5 àbọ̀ bá lù tí ẹ kò tíì wà lẹ́bàá àbájáde, ẹ ti pẹ́.

Ní ti àsìkò ọdún, àwọn kan fẹ́ràn ẹ̀ẹ̀rùn torí ọ̀nà gbẹ, odò fà, ọkọ̀ sì lè dé ẹnu igbó. Èmi rò pé ìbẹ̀rẹ̀ òjò, oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ló dùn jù. Ewé ilẹ̀ ti rọ̀, ẹsẹ̀ kì í ró mọ́, àwọn ẹyẹ ń kọrin nítorí pé wọ́n fẹ́ kọ́ ìtẹ́, olú ń hù lára igi tó ti wó.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tí à ń rìn lọ wò. Igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni màá mú, torí pé oríṣi igbó méjì wà nínú ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀, ẹsẹ̀ sì lè fi ìyàtọ̀ wọn han ènìyàn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Láti ọdún 1925 ni ìjọba ti fi igbó náà pamọ́. Ó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 1,300 níbùú lóròó. Ní ọdún 1946, wọ́n yọ nǹkan bíi hẹ́kítà 460 sọ́tọ̀ láàárín rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, nígbà tó sì di 1977, UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ orúkọ igbó náà mọ́ àwọn ibi tí ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ṣùgbọ́n láàárín kan náà, wọ́n ro ilẹ̀ tó pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì gbin igi ilẹ̀ òkèèrè tí à ń pè ní mẹlaina (Gmelina) sí i, kí ilé iṣẹ́ bébà ní Ìwópin lè rí igi lò.

Tí ẹ bá wọ inú mẹlaina, ẹ ó rí i pé ọjọ́ orí igi gbogbo dọ́gba, wọ́n tò lọ gbọọrọ ní ìlà, ojú ríran jìnnà láàárín wọn. Ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bo ilẹ̀, ó gbẹ, ó ń dún kókókó. Ẹ lè rìn fún ìdajì wákàtí kí ẹ má gbọ́ ju ohùn ẹyẹ méjì mẹ́ta lọ. Kí ẹ wá kọjá sínú ẹgàn gan-an. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó kíyè sí ni pé ara tù yín. Ohun kejì ni òórùn: ewé tó ń jẹrà, olú, ilẹ̀ tútù. Ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí i pé igbó náà jẹ́ àjà lórí àjà. Àwọn igi kéékèèké tó fara mọ́ òjìji wà nísàlẹ̀, àwọn tó ga tó mítà 30 sí 40 ti fi orí kan ara wọn lókè, àràbà àti ìrókò míì sì yọrí kọjá gbogbo wọn. Gbòǹgbò àràbà tó yọ sókè nílẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, ènìyàn mẹ́ta lè dúró sí àlàfo kan láàárín wọn kí ẹni tó wà lódì kejì má mọ̀. Ibi tí igi ńlá kan bá ti wó, oòrùn á ríbi wọlé, afẹ̀rẹ̀ á yára hù níbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni òpèpè, arère àti ọ̀gànwó á máa yọrí díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ń kú, èyí tó ń hù àti èyí tó ti gbó, gbogbo wọn ló wà pọ̀.

Èyí tó ti gbó yẹn ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Ẹ wo àgbìgbò, ẹyẹ ńlá tí ìró ìyẹ́ apá rẹ̀ máa ń dé etí ká tó rí òun fúnra rẹ̀. Kì í kọ́ ìtẹ́. Ihò inú igi ló ń yé sí. Bí àkókò bá tó, abo á wọ inú ihò, wọn á fi ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ ara wọn dí ẹnu rẹ̀ títí yóò fi ku àlàfo tóóró kan tí kò ju ohun tí ṣóńṣó ẹnu lè gbà lọ. Inú ibẹ̀ ni abo yóò wà fún oṣù bíi mélòó kan, tí akọ yóò máa ti ibi àlàfo náà fún un ní èso àti kòkòrò jẹ. Bí akọ bá kú sí ẹnu ìbọn lásìkò yìí, ewu ńlá ni fún abo àti ọmọ rẹ̀ nínú igi. Nítorí náà, bí ẹ bá rí kóró èso tó ṣù jọ sí ìdí igi ńlá kan, tí ìgbẹ́ ẹyẹ sì fọ́n ká ibẹ̀, ẹ má dúró pẹ́. Ẹ wo òkè lẹ́ẹ̀kan, ẹ kúrò níbẹ̀, kí akọ lè rí àyè gbé oúnjẹ wá.

Irú ihò bẹ́ẹ̀ kì í sí lára igi kékeré. Ẹ̀ka ńlá gbọ́dọ̀ ṣẹ́, ojú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹrà wọnú, igi náà sì gbọ́dọ̀ tóbi tó láti ru ihò náà kó má wó. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni. Mẹlaina tí a gbìn fún bébà kì í gbó kó tó di gígé. Bẹ́ẹ̀, àgbìgbò yìí ló ń gbé èso mì lábẹ́ igi kan, tó ń lọ pọ kóró rẹ̀ sí ibòmíràn tó jìnnà. Erin náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ṣì wà ní igbó Omo: wọ́n ń gbé òro mì, èso tí kóró rẹ̀ ń fún wa ní ààpọ̀n, wọ́n ń rìn lọ, wọ́n sì ń ṣu ú sílẹ̀ lọ́nà. Bí a bá gé igi tó ní ihò, àgbìgbò á lọ. Bí àgbìgbò àti erin bá lọ, àwọn igi tó ní kóró ńlá kò ní ẹni tí yóò gbìn wọ́n mọ́. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí mo bá gbọ́ pé wọ́n gé ẹgàn ṣùgbọ́n wọ́n ti gbin igi mìíràn dípò. Igi ni wọ́n gbìn. Kò sẹ́ni tó lè gbin ihò ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àwọn baba ńlá wa kò fi èyí ṣeré. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75 péré, ṣì dúró létí ìlú ńlá nítorí pé ìlànà òrìṣà kò gbà kí ẹnikẹ́ni gé igi, dẹ igbó tàbí pẹja níbẹ̀. Nígbà tí ìlànà náà fẹ́ rọ̀ láàárín ọ̀rúndún tó kọjá, Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tó wá láti Austria, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà dìde sí i, wọ́n tún àwọn ojúbọ ṣe, ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1965, UNESCO sì gbà á wọlé sínú àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Ẹni tó bá rin ibẹ̀ lónìí yóò rí ọ̀bọ lórí igi ní ibi tí kò jìnnà sí ọjà. Yóò tún rí omi odò tó ti pọ́n nítorí ẹrẹ̀ tí àwọn awakùsà wúrà ń tú sí i láti òkè odò. Ògiri kò lè dáàbò bo igbó tí odò bá là kọjá, ìyẹn sì ń dùn mí púpọ̀.

Ó tó àsìkò kí n sọ̀rọ̀ ìmúra, torí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kì í rí ẹyẹ. Bàtà òjò onírọ́bà dára níbi tí ẹrẹ̀ bá pọ̀, kòkòrò kì í sì í gbà á kọjá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ máa ń làágùn nínú rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, kí ẹ sì mú òmíràn dání láti pààrọ̀ lọ́sàn-án. Bí bàtà alókùn bá ni, ẹ ra èyí tó fi díẹ̀ tóbi ju èyí tí ẹ ń wọ lọ sí ibi iṣẹ́, torí nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọmọ ìka á máa gbá iwájú bàtà, èékánná á sì dúdú. Ẹ má fi bàtà tuntun lọ. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ kiri àdúgbò fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣòkòtò gígùn, kí ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Aṣọ alápá gígùn, àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Ní ọ̀dàn, bíi Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé tó fẹ̀ ju kìlómítà 2,500 níbùú lóròó lọ, ẹ má wọ búlúù tàbí dúdú, torí pé àwọ̀ méjèèjì yìí ló máa ń fa eṣinṣin tsetse mọ́ra.

Omi: ìdajì lítà fún wákàtí kan, kó fẹ́ẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ bí oòrùn bá mú. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á mu omi lásán láti àárọ̀ dé ọ̀sán láì jẹ nǹkan oníyọ̀, orí á wá máa fọ́ wọn, ẹsẹ̀ á máa fà. Ẹ gbé ẹ̀pà, gúgúrú tàbí ìpékeré dání. Bí ẹnìkan bá rẹ̀ tẹnutẹnu, ẹ gbé e síbòòji, ẹ po ṣíbí ìtíì ṣúgà 6 àti ìdajì ṣíbí ìtíì iyọ̀ sínú lítà kan omi mímọ́, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, ìyẹn kọjá ti ìsinmi: ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí apá yín bá ká a, ẹ ra báínókúlà kan. Èyí tí wọ́n kọ 8x42 sí lára ló bá igbó mu. Èyí tí wọ́n kọ 10 sí ń mú nǹkan súnmọ́ni jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ máa ń gbọ̀n ọ́n, ojú ibi tó ń fi hàn sì kéré, bẹ́ẹ̀ ẹyẹ inú ewé kì í dúró de ẹni tó ń wá a.

Ẹ̀rù ejò ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà. Ejò kì í wá ènìyàn. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tàbí tó fọwọ́ sí ibi tí kò rí ló ń bá ìjàǹbá pàdé. Bí igi bá dábùú ọ̀nà, ẹ má ṣe fò ó. Ẹ gun orí rẹ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ yẹn ni paramọ́lẹ̀ máa ń ká sí, àwọ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ewé gbígbẹ. Bó bá bu ẹnìkan ṣán, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fẹnu fa á, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti aago kúrò kó tó wú. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà dúró sójú kan, kí ẹ gbé onítọ̀hún, kó má fẹsẹ̀ rìn bí ọ̀nà bá wà, kó lè tètè dé ilé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò. Ẹ ti mọ ibi tí irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ wà kí ẹ tó kúrò nílé.

Ohun tó ń dà wá láàmú ju ejò lọ ni wèrèpè. Lẹ́ẹ̀rùn, irun pupa rẹ́súrẹ́sú tó bo èso rẹ̀ máa ń fò lọ pẹ̀lú atẹ́gùn. Bó bá bà yín, ẹ má họra, ẹ má sì fọwọ́ pa á, torí ńṣe ni ẹ óò máa tì í wọ awọ. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ojú ibẹ̀, kí ẹ fà á kúrò ní ẹ̀ẹ̀melòó kan, kí ẹ tó fi omi púpọ̀ ṣàn án. Eégbọn ní tirẹ̀, ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un ní ibi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ awọ, ẹ rọra fà á sókè tààrà. Bí ẹ bá fi kẹrosíìnì tàbí iná lé e, ó lè pọ ohun inú rẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ yín kó tó jábọ́.

Ọ̀rọ̀ àpáta yàtọ̀ díẹ̀. Òkè Ìdànrè ní ju àtẹ̀gùn 660 lọ kí ènìyàn tó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kúrò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago 7, torí bó bá fi máa di aago 11, àpáta á ti gbóná tó láti máa fẹ́ ooru sí yín lójú. Ẹ wo ara àpáta náà dáadáa, ẹ ó rí ìlà dúdú gígùn tó ṣàn láti òkè wá sísàlẹ̀. Ipa omi òjò ni. Ohun abẹ̀mí tín-ín-tín tí ojú kò lè rí ló kún ibẹ̀ tó sì sọ ọ́ di dúdú. Bó bá gbẹ, ẹ lè tẹ̀ ẹ́. Bí òjò bá kán sí i, yóò máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Bí òjò bá ká yín mọ́ òkè, ibi tí àpáta ti funfun ni kí ẹ máa tẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ààrá, ẹ tètè sọ̀ kalẹ̀, ẹ má fara pamọ́ sábẹ́ igi tó dá dúró lórí àpáta.

Ẹ má dá wọ igbó ńlá. Lásìkò yìí tí àwọn ajínigbé ti sọ igbó kan di ibùba, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ará abúlé tó sún mọ́ ọn, ẹ gba ìwé àṣẹ, ẹ sì mú ẹ̀ṣọ́ igbó dání. Bí wọ́n bá ní kí ẹ padà, ẹ padà. Ẹ sọ fún ẹnìkan nílé ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí ẹ ó dé. Níbi tí ọ̀nà bá ti yà, ẹ yíjú wẹ̀yìn kí ẹ wo bí ibẹ̀ ṣe rí, torí ojú ọ̀nà àlọ kò jọ ti àbọ̀. Ẹ ti gba máàpù sórí fóònù nílé, ẹ sàmì sí ibi tí ẹ ti wọlé. Bí ẹ bá ṣìnà, ẹ dúró sójú kan. Ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sinmi, kí ẹ tún fọn ọ́n. Ẹni tó ń sá kiri ló ń ṣìnà lọ síwájú sí i.

Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sí Lekki Conservation Centre ní Èkó, hẹ́kítà 78, níbi tí afárá orí igi rẹ̀ tó gùn ní mítà 401 yóò ti gbé yín rìn láàárín orí igi. Ní Ìbàdàn, igbó tó wà nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí ohun ọ̀gbìn, tó nǹkan bíi hẹ́kítà 350. Ẹ kọ̀wé gba àyè kí ẹ tó lọ. Níbẹ̀ ni ẹ ti lè rí Ibadan Malimbe, ẹyẹ dúdú tí orí akọ rẹ̀ pupa fòò, tí kò sí níbòmíràn láyé yìí àfi gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá máa gbèrò Ìdànrè, kí ẹ tó dé orí Omo.

Kí ẹ mú ìwé kékeré dání. Ẹ kọ ọjọ́, aago tí ẹ wọlé àti èyí tí ẹ jáde, orúkọ ibi náà, gbogbo ẹyẹ tí ẹ rí tàbí tí ẹ gbọ́, iye wọn, àti igi tí wọ́n wà. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ ẹyẹ kan, ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀ àti bó ṣe ké, ẹ má méfò. Ẹ lè fi í sórí eBird, ìkànnì tí a ń kọ ẹyẹ tí a rí sí, tàbí kí ẹ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń kó àkọsílẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà jọ, Nigerian Bird Atlas Project. BirdLasser, áàpù orí fóònù, ni wọ́n ń lò. Wọ́n pín ilẹ̀ wa sí onígun-mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó kìlómítà 9 ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì rin onígun-mẹ́rin kan fún ó kéré tán wákàtí 2 kí àkọsílẹ̀ yín tó pé. Ọ̀pọ̀ ibi lórí máàpù náà kò tíì ní àkọsílẹ̀ tó tó. Nígbà tí ẹnìkan bá sì dìde pé òun fẹ́ gé igbó kan torí pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ìwé tí ẹ kọ ọjọ́, aago àti orúkọ ẹyẹ sí yẹn ni a óò nà sí i.